Omi, Iyọ̀ àti Ṣúgà

Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ olómi, kí ni ẹ máa ń ṣe fún un? Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sọ pé kí a má ṣe fún un ní omi mọ́, nítorí pé omi tí ó mu náà ni ó ń yà jáde. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti pa ọmọ púpọ̀.

Bí a bá pín ara ìkókó sí ọ̀nà 4, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó 3 nínú rẹ̀. Omi náà kì í sì í ṣe omi lásán. Ẹ tọ́ omijé yín wò, ẹ ó mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀. Ní 1831, nígbà tí àrùn onígbáméjì kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ọ̀dọ́ kan, W. B. O'Shaughnessy, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò, ó sì rí i pé omi àti iyọ̀ ti dín kù gidigidi nínú rẹ̀. Ní ọdún kejì, Thomas Latta ní Leith, ní Scotland, da omi oníyọ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn kan tí a ti gbà pé ó tán fún dìde jókòó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn. Mélòó ni abúlé tí ó ní dókítà?

Èé ṣe tí a kò kàn fún aláìsàn ní omi iyọ̀ mu? Wọ́n dán an wò, kò ṣiṣẹ́. Ní 1960, ní ìlú Prague, Robert Crane ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Lára ìfun wa ni ilẹ̀kùn kan wà tí ó ń fẹ́ oríṣi kọ́kọ́rọ́ méjì: iyọ̀ àti glúkósì. Bí àwọn méjèèjì bá dé pọ̀, ilẹ̀kùn a ṣí, wọn a jọ wọlé, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì kì í ba ilẹ̀kùn yìí jẹ́.

Ní ìparí 1970 ni àrùn náà dé Nàìjíríà. Ní 1971, a ka 22,931 aláìsàn àti 2,945 òkú. Ní ọdún 1971 yẹn kan náà, ní àgọ́ àwọn tí ogun lé wá sí Bangaon ní Íńdíà, omi abẹ́rẹ́ tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó po iyọ̀, glúkósì àti sódà ìyan-búrẹ́dì mọ́ omi, ó sì ní kí àwọn ará aláìsàn máa fi ife bù ú fún wọn mu. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 30 ni ó ń kú tẹ́lẹ̀. Wọn kò tó 4 mọ́. Nígbà tí mo bá rántí pé iyọ̀ kò wọ́n nínú ilé ìdáná wa lọ́dún náà, ó máa ń dùn mí.

Olikoye Ransome-Kuti, tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa: omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, ìgò bíà 1 tàbí ìgò míníra 2, hóró ṣúgà onígun 5, àti iyọ̀ ṣíbí kékeré 1 tí a fi ọ̀bẹ gé lórí. Ṣíbí mílílítà 3 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe ṣíbí ńlá! Bí ó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù léwu.

Ṣúgà ọjà jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí a so pọ̀, ọ̀kan nínú wọn ni glúkósì. Àgbàdo àti ànàmọ́ tí a mọ Ọ̀fà mọ́ ńkọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ glúkósì gígùn gbọọrọ ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ iṣu sísè, ẹ má tètè gbé e mì. Láìpẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, nítorí itọ́ ti ń já okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Nítorí náà ni ẹ̀kọ mímu tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí fi ń ṣèrànwọ́.

Lóde òní, àpò ìyẹ̀fun kékeré wà ní ilé-oògùn, pẹ̀lú oògùn ṣíńkì fún ọmọdé. Ẹ ka iye omi tí a kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó po ó.