Ẹ̀kọ àti Àkàrà: Oúnjẹ Àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí nínú Ìtàn Yorùbá

Ìfáàrà

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn Yorùbá, oyè, ogun àti ìtẹ̀dó ìlú ni ó máa ń wà lẹ́nu wa. Ìdáná kì í sábà wọ inú ẹ̀kọ́ náà, bí ẹni pé ohun tí ìyá ń sè lójoojúmọ́ kò ní ìtàn. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé oúnjẹ ilé jẹ́ àkọsílẹ̀ tí àwọn obìnrin Yorùbá fi ọwọ́ ara wọn kọ láìlo gègé. A mú ẹ̀kọ àti àkàrà, oúnjẹ àárọ̀ tí tolówó-tálákà mọ̀, láti fi ìdí èrò yìí múlẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni ó jẹ́ ti wa gan-an nínú oúnjẹ tí a ń pè ní ti àbáláyé?

Ẹ̀kọ: Irúgbìn Àjèjì nínú Ìkòkò Àtijọ́

Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ará Yúróòpù dé Amẹ́ríkà ní 1492 ni ó tó ré òkun kọjá wá sí etíkun wa, àwọn oníṣòwò Potogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e wá. Àwọn amọ̀kòkò ayé àtijọ́ a máa yí ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù láti fi ṣe ọnà. Nítorí náà, bí awalẹ̀pìtàn bá rí irú ọnà bẹ́ẹ̀ lára àpáàdì, ó di àmì fún un pé ìkòkò náà kò ṣáájú ìgbà tí àgbàdo dé.

Ṣé àgbàdo ni ó wá kọ́ wa ní ẹ̀kọ ṣíṣe? Kò jọ bẹ́ẹ̀. Ọkà bàbà, tí ó jẹ́ irúgbìn ilẹ̀ Áfíríkà, ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ògì bàbà sì wà títí di òní. Ọ̀nà kan náà ni a fi ń ṣe méjèèjì. A ó rẹ ọkà sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. A ó fọ̀ ọ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ẹ kí èèrí lè yà sọ́tọ̀. Ògì yóò silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò; omi kíkan tí ó lé téńté sókè ni à ń pè ní omidùn. Kíkan yìí kì í ṣe àbùkù, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àìsàn ráyè gbé inú ògì.

Kò sí ohun tí ó ṣòfò nínú iṣẹ́ náà. Ewúrẹ́ ni ó ni èèrí. Omidùn wà fún àgbo rírẹ. Ẹ̀kọ mímu wà fún ọmọ ọwọ́ àti aláìsàn. Èyí tí ó dì nínú ewé eéran wà fún àgbẹ̀ àti arìnrìn-àjò. Àwọn àgbà ní bí a bá jẹ ẹ̀kọ, à dárí ji ewé. Òwe yìí kò lè yé ọmọ tí kò rí ẹ̀kọ nínú ewé rí.

Àkàrà: Ẹ̀wà Ilé, Ata Òkèèrè

Ti ẹ̀wà yàtọ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yìí ni ọ̀kan lára ibi tí ẹ̀wà ti pẹ́ jù lọ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí hóró rẹ̀ ní agbègbè Kintampo ní ilẹ̀ Gánà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 3,500 ọdún. Síbẹ̀, bí a bá tú àwo àkàrà wò, àlejò pọ̀ níbẹ̀. Ata rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Ataare àti iyèré ni ata tí a bá nílẹ̀. Àlùbọ́sà gba ọ̀nà àwọn oníṣòwò òkè Ọya wọlé, orúkọ rẹ̀ sì jọ ti Haúsá àti ti Lárúbáwá. Ẹ̀pà tí a ń fún òróró rẹ̀ láti fi dín àkàrà lónìí, àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Epo pupa ni onílé.

Àkàrà Lẹ́yìn Odi

Lẹ́yìn tí ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé dàrú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl. Àwọn obìnrin inú wọn gbé igbá oúnjẹ lé orí, wọ́n ń kiri ní ìgboro Salvador. Olówó wọn ń gba iye kan lọ́wọ́ wọn. Ìyókù ni àwọn mìíràn tù jọ títí wọ́n fi ra ara wọn tàbí ọmọ wọn padà. Àkàrà wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, òmìnira ni wọ́n ń dín nínú epo.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní ni acarajé, èyí tí a gbọ́ àkàrà àti jẹ nínú rẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ó sì jẹ́ oúnjẹ Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã. Abará wọn kò yàtọ̀ sí mọ́ínmọ́ín. Acaçá wọn, ẹ̀kọ inú ewé ni. Ní Kúbà àti ní Sàró, orúkọ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kò tíì parẹ́. Àwọn Àgùdà tí ó padà sí Èkó náà kò padà lọ́wọ́ òfo: frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ni àwọn ọmọ wọn ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere.

Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bàhíà sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Àríyànjiyàn kò sì ṣàì wà: àwọn kan lára àwọn ajíhìnrere tí ń tà á yí orúkọ rẹ̀ padà sí àkàrà Jésù, kí ó má baà rán ènìyàn létí òrìṣà. Àwọn alákàrà àtijọ́ kọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí orúkọ bá lọ, ìtàn ń tẹ̀ lé e.

Kí ni Tiwa Gan-an?

Nínú gbogbo èyí, ó hàn pé kì í ṣe hóró ọkà ni ó sọ oúnjẹ di Yorùbá. Àgbàdo wá bá wa, ó di ẹ̀kọ. Àkàrà kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ṣì ń jẹ́ àkàrà. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rírẹ, lílọ̀, sísẹ́ àti dídín, pẹ̀lú orúkọ tí a fi ń pè wọ́n, ni tiwa. Òun náà ni ó wà nínú ewu. Ògì inú páálí ti wà lọ́jà. Ọ̀rá ti gba ipò ewé. A kò dá àwọn ìyá lẹ́bi fún èyí. Ẹ̀rọ ìlọta ti gba ipò ọlọ tipẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń sunkún ọwọ́ bíbó. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá ṣe mọ́, tí a kò sì kọ sílẹ̀, yóò kú mọ́ wa lọ́wọ́.

A ti rí àpẹẹrẹ rere rí. Ní 1934, J. A. Mars àti E. M. Tooleyo gbé ìwé The Kudeti Book of Yoruba Cookery jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àkọlé ìwé náà. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa ni láti kọ irú rẹ̀ ní èdè tí àwọn ìyá wa fi ń dáná.

Àgbálọgbábọ̀

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A dábàá pé kí olùkọ́ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá ìyá àgbà, kí wọ́n bi í bí ó ti ń ṣe ògì, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́: asẹ́, èèrí, omidùn, ewé eéran. Ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ kò ní ṣòro fún un láti rántí. Bí ọmọ bá sì mọ bí ẹ̀kọ inú àwo rẹ̀ ṣe dé ibẹ̀, ó ti mọ ìtàn òkun, ti oko ẹrú, ti ọjà àti ti ìyá rẹ̀ pọ̀.