Ọdún Àjíǹde àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Kúdẹtì

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Kristi nígbà èwe rẹ̀ yóò rántí bí olùkọ́ ti máa ń sọ ìtàn agbélébùú àti ti ibojì òfìfo fún wa bí Ọdún Àjíǹde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí a sábà máa ń yára kọjá. Jòhánù sọ fún wa pé lẹ́yìn tí Jésù jíǹde, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kan ṣe iṣẹ́ ẹja pípa láti òru mọ́jú. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n bá iná, ẹja àti àkàrà ní etí òkun, Olúwa sì pè wọ́n kí wọ́n wá jẹun. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni ó tó fi iṣẹ́ lé Pétérù lọ́wọ́, pé kí ó máa bọ́ àwọn ọ̀dọ́-àgùntàn òun. Ẹ̀kọ́ yìí ni a rí nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ Kúdẹtì, òun ni a sì fẹ́ rán ara wa létí lọ́dún yìí.

Ní ọdún 1853 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ CMS, àti Anna aya rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí ìlú wa. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta, wà pẹ̀lú wọn. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ẹṣin, idà àti ìbọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń wá orúkọ. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn òbí kò sáré fi ọmọ wọn fún oníwèé. Olóyè Olúnlóyọ̀ wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọmọ sílẹ̀: ó fi Akínyẹlé ọmọkùnrin rẹ̀ àti Yéjídé ọmọbìnrin rẹ̀ lé Anna Hinderer lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń gbé inú ọgbà Kúdẹtì gan-an, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tí a rà padà kúrò lóko ẹrú. Ìwé kíkà àti ìránṣọ nìkan kọ́ ni wọ́n rí gbà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, ibẹ̀ ni a sì ti ń tọ́jú wọn bí àìsàn bá dé.

Ní 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun sì dí. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ogun kò parí títí di 1865. Àwa ọmọ Ìbàdàn kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́: ogun tí ó mú ebi wọ Kúdẹtì, àwọn baba wa wà nínú àwọn tí ó jà á, ìlú àwọn ẹlòmíràn ni ó sì di ahoro. Láàárín ọdún wọnnì, owó àti ẹrù láti òkè òkun kò rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ àwọn Hinderer, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń retí oúnjẹ. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò tú ilé-ẹ̀kọ́ ká, wọn kò sì lé ọmọ kankan jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ilé wọn tà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n lè rí owó ra oúnjẹ. Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn wọ̀nyí ta ohun tí ó wà nínú ilé kí wọ́n lè kọ́ ọmọ, ọmọ tí kì í ṣe ọmọ bíbí inú wọn.

Ní 1865, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán Captain Maxwell wá mú wọn jáde. Anna, ẹni tí ara rẹ̀ kò le mọ́, bá a lọ. Ọkọ rẹ̀ dúró ti iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Wọ́n tún padà wá, ṣùgbọ́n ní 1869 àìlera mú kí wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Anna kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870. Ẹni tí ó bá rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà parí sí, ó ṣìnà. Olúbí gba iṣẹ́ náà, James Òkúsẹ̀ìndé àti William Allen sì ń bá a ṣe é. Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ti ṣe olùkọ́ láàárín wọn. Oore kì í gbé.

Láti Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọmọ wa ti pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ju bí Olúnlóyọ̀ ti lè rò lọ. Ẹgbẹ́ wa a máa dá owó fún òrùlé, fún tábìlì àti fún àga, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ lábẹ́ òrùlé tuntun. Nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ó wà nílé: ẹ wo ọmọ tí kò mú oúnjẹ wá, ẹ wo èyí tí aṣọ rẹ̀ ti ya, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ tiyín láti bu díẹ̀ nínú tiwọn fún un láìfi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin tí ó wà lẹ́yìn odi, bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ rántí ikùn ọmọ bí ẹ ti ń rántí ògiri. Ìbá à ṣe ọmọ Kristẹni, ìbá à ṣe ọmọ Mùsùlùmí tàbí ti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ọmọ ìlú kan náà ni gbogbo wọn.

Ọjọ́ kan péré ni a fi ń kọrin Àjíǹde ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ yòókù nínú ọdún ni a fi ń mọ̀ bóyá orin náà wọ̀ wá lára. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa sin wá. Àmín.