Dáàmù Ọ̀yán àti Àwa Ará Ìsàlẹ̀ Odò: Ta Ni Wọ́n Kọ́ Ọ Fún?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn ará Ìbàfó, Mowé, Wàwá, Ìṣẹrì àti Àkúté: "Wọ́n ti ṣí Ọ̀yán." Bí omi bá wọlé, Ọ̀yán ni. Bí ọkọ̀ kò bá rí ọ̀nà kọjá, Ọ̀yán náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń sọ ọ́ pé níbo ni Ọ̀yán wà, ta ló kọ́ ọ, kí ni wọ́n sì kọ́ ọ fún? Ọ̀pọ̀ wa kò ní lè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo ìtàn dáàmù náà nínú àròkọ yìí, nítorí inú ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta yẹn ni mo ti rí orísun wàhálà wa.

Odò kí wọ́n tó sé e

Apá Ṣakí ni odò Ògùn ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba àárín Abẹ́òkúta, ó wá sí ìsàlẹ̀ láàárín Ìfọ̀ àti Mowé, ó sì gba abẹ́ afárá Kárà kọjá lọ sínú ọ̀sà Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti Èkó gba òpópónà márosẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, odò tí ẹ máa ń rí ní Kárà, lẹ́bàá ọjà màlúù, òun nìyẹn. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan lára àwọn odò tó ń ya wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ tí òjò ti ń ṣàn wá sínú Ògùn fẹ̀ tó bíi 23,000 kìlómítà níbùú lóòró.

Kí dáàmù tó dé ni odò yìí ti máa ń kún àkúnya. Òjò wa máa ń rọ̀ gan-an nígbà méjì lọ́dún, ní nǹkan bí oṣù Kẹfà sí Ìkeje, àti ní oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá. Ìgbà kejì ni omi máa ń tẹ́ sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, tí á sì fà padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ń pè ní àkùrọ̀. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Ẹni tó gbọ́n kì í kọ́ ilé sí àkùrọ̀.

Ọdún mẹ́ta tó yí ìtàn padà

Ọdún kìíní ni 1976. Ìjọba ológun dá àwọn àjọ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà láti máa mójú tó àwọn odò ńlá. Èyí tó kan tiwa ni Ogun-Osun River Basin Development Authority, tó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. River Basin ni a ó máa pè é.

Ọdún kejì ni 1978, nígbà tí wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìfọ̀ ti jẹ́ ìlú ojú irin láti ìgbà tí reluwé Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, ṣùgbọ́n abúlé àgbẹ̀ ni Mowé àti Ìbàfó ṣì jẹ́. Òpópónà yìí ló sọ ibẹ̀ di ibi tí ará Èkó lè máa gbé, kó sì máa lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ọdún kẹta ni 1983, nígbà tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán. Òkè Abẹ́òkúta ló wà, níbi tí odò Ọ̀yán àti Ọ̀fíkì ti pàdé. Ògiri rẹ̀ gùn ju 1,000 mítà lọ, ó ga tó bíi 30 mítà, ó sì ní ilẹ̀kùn ńlá mẹ́rin tí omi ń gbà jáde. Omi tó lè gbà tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Ká ní táńkà tó ń gba 10,000 lítà la fẹ́ fi gbọ́n ọn, mílíọ̀nù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n táńkà ni yóò gbà.

Kí ni wọ́n kọ́ ọ fún? Ohun àkọ́kọ́ ni omi mímu fún Èkó àti Abẹ́òkúta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí Ọ̀yán bá tú sílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí odò Ògùn fà jù fún ẹ̀rọ tó ń fa omi ní Àkúté, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, fún àwọn ará Èkó. Ohun kejì ni omi oko. Ohun kẹta ni iná mànàmáná: wọ́n gbé ẹ̀rọ mẹ́ta tó lè mú mẹ́gáwáàtì mẹ́sàn-án jáde síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà láìṣiṣẹ́. Dídènà omíyalé kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ Ọ̀yán.

Àwọn tó kọ́kọ́ jìyà dáàmù náà kò sí nítòsí wa rárá. Omi bo àwọn abúlé kan, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ibùdó tuntun létí adágún náà. Àtọ̀sí ajá, àrùn tí ìgbín inú omi máa ń ràn kálẹ̀, gbilẹ̀ láàárín wọn, pàápàá lára àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ nínú adágún.

Iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn jà

Ẹni tó ń tọ́jú omi pa mọ́ fẹ́ kí dáàmù kún. Ẹni tó ń dènà omíyalé fẹ́ kí àyè wà nínú rẹ̀, kí ó lè gba òjò tó ń bọ̀. Dáàmù kan ṣoṣo kò lè kún kó tún ṣófo. Nítorí náà, ẹni tó wà nídìí ilẹ̀kùn Ọ̀yán ní láti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Bó bá tú omi jù, tí òjò sì dá, omi lè má tó Èkó mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá dì í mú jù, tí òjò sì pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, yóò di dandan kó tú omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí odò ìsàlẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀.

Kò sì lè kọ̀ láti tú u. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lára ògiri Ọ̀yán; ibi tí àwọn ilẹ̀kùn wà ni wọ́n fi kọnkéré ṣe. Bí omi bá gba orí ògiri iyẹ̀pẹ̀ kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, ògiri náà sì lè ya. Ìyẹn ni pé ohun tó ń dáàbò bo dáàmù náà gan-an ló ń da omi sílé wa. Ní oṣù Kẹwàá 2010, nígbà tí wọ́n tú omi Ọ̀yán, àwọn ará Àjẹgúnlẹ̀ ní Ìkòròdú wà lára àwọn tó sá kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òótọ́ pẹ̀lú River Basin náà. Ilẹ̀ tí omi ti ń ṣàn wá sínú dáàmù Ọ̀yán kò ju bíi 9,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ nínú 23,000 yẹn. Bí wọ́n bá ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, òjò tó rọ̀ níbòmíràn yóò ṣì dé Ìbàfó. Bí ọ̀sà bá tún kún, kò ní jẹ́ kí odò rí ibi dà sí. Àwa náà sì ti kọ́lé kún àkùrọ̀.

Ohun tí ibòmíràn kọ́ wa

Ní August 31, 1980, odò Ògúnpa kún ní Ìbàdàn, ó pa èèyàn tó lé ní igba, ó sì gbá ọgbà ẹranko Àgọ́dì lọ. Ní August 26, 2011, òjò kan ṣoṣo mú kí omi kún dáàmù Ẹlẹ́yẹlé àti odò Ọnà kọjá ààlà. Omi gbá afárá lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú. Iye ọdún tí dáàmù náà ti wà nígbà yẹn lé ní ọgọ́ta, àwọn ilé sì ti pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù ni ti Alau ní Ìpínlẹ̀ Borno. Láàárín 1984 sí 1986 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹgbẹ́ Ọ̀yán ni lọ́jọ́ orí. Ní September 2024, lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ ti fi àwọn ará ìlú lọ́kàn balẹ̀, dáàmù náà ya, omi sì bo ìdajì Maiduguri. Àwọn tó sá kúrò nílé lé ní 400,000.

Kí ni ká béèrè?

Ẹ má jẹ́ kí a dúró lórí "wọ́n ti ṣí Ọ̀yán" mọ́. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, kí River Basin máa kéde ní gbangba, láti oṣù Karùn-ún, bí omi ṣe pọ̀ tó nínú dáàmù àti ìgbà tí wọn yóò tú u. Èkejì, kí ìkéde náà dé etí àwọn ará abúlé lédè Yorùbá, lórí rédíò àti lẹ́nu àwọn baálẹ̀, kó tó ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ìlú rí àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe sí ògiri àti ilẹ̀kùn dáàmù tó ti lé ní ogójì ọdún.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Mowé tàbí Ìbàfó, kó lọ wò ó ní oṣù Kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń fẹ́ mú èèyàn lọ, nígbà tí àkùrọ̀ bá gbẹ. Kó bi àwọn àgbà ibẹ̀ bóyá wọ́n ti gbin ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn síbẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó gbé owó rẹ̀ lọ síbòmíràn.