Kí Ló Gbé Mì Lánàá?

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé kí a wo ohun tó ṣáájú kí a tó dájọ́. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, tí ọrùn ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, àjẹ́ gan-an la máa ń wá kiri. A kì í bèèrè oògùn tó gbé mì lánàá.

Ẹ wo ọmọ tó ń bì, tí wọ́n ra Plasil fún ní kẹ́mísì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọrùn rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹyinjú rẹ̀ lọ sókè kò sọ̀ mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ le, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn kan á ní gìrì ni. Àwọn mìíràn á gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí áfáà. Abẹ́rẹ́ tó yẹ nílé ìwòsàn sì lè dá ọrùn náà padà kí wákàtí kan tó pé. Haloperidol, tí wọ́n ń fún àwọn tí orí wọn dàrú, máa ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú.

Dopamine inú ọpọlọ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Oògùn wọ̀nyí ló ń dí i lọ́nà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé oògùn òyìnbó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1960, dókítà Raymond Prince kọ̀wé lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú igi yìí. Ní 1957, Arvid Carlsson ará Sweden fún ehoro ní reserpine, wọn kò lè mira mọ́. Nígbà tó fún wọn ní L-dopa, èròjà tí ara fi ń ṣe dopamine, wọ́n tún ń rìn. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí dopamine ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2000.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí àjẹ́ rẹ̀ ti ké tipẹ́. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún tó ti ń lo oògùn bíi Plasil tàbí haloperidol, ẹnu rẹ̀ á máa jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, ahọ́n á máa yọ síta, ó sì lè má lọ mọ́ bó tilẹ̀ dá oògùn dúró. Cinnarizine tí àwọn àgbà ń lò fún òòyì náà lè mú ọwọ́ gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Àwa á ní ogbó ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín dá oògùn àrùn ọpọlọ dúró, àìsàn lè padà dé. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn, tàgbo tìgò, lọ fún dókítà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.