Aṣọ Funfun, Owó Orí àti Ehoro Inú Ìwé

Ìyá àgbà mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí ojú wọn fi di bàìbàì. Bí mo bá bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn àgbà kọ́ wọn nípa ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Gbólóhùn kan péré ni: “Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, oyún dé.” Ohun tí àwọn náà sọ fún ìyá mi nìyẹn. Ohun tí ìyá mi sì sọ fún mi nìyẹn ní Ìtokò, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, kí wọ́n tó fa àkísà ya fún mi. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mi ò fi jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá mi gbé garawa omi kúrò lórí.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní Abẹ́òkúta níbí. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé kí ilé-ìwé jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀, pé ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láyé àtijọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n béèrè àdírẹ́sì ilé náà.

Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn àgbà. Wọ́n ní ẹ̀kọ́. Obìnrin tó bá bímọ mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ títí ọmọ yóò fi rìn, tí yóò fi já lẹ́nu ọmú. Ó lè tó ọdún méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ìyá ọkọ gan-an ni ọlọ́pàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ abiyamọ nìyẹn. Ti ọmọge ńkọ́? Aṣọ funfun ni ti ọmọge. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní lálẹ́ ìgbéyàwó. Bí ọkọ bá bá a nílé, àkèrègbè ẹmu tó kún dẹ́múdẹ́mú àti páálí ìṣáná tó kún ni wọ́n á gbé lọ fún àwọn òbí rẹ̀. Bí kò bá bá a nílé, àkèrègbè á lọ ní ààbọ̀, ìṣáná á lọ ní ìdajì, ìyá ìyàwó ò sì ní lè na ọrùn lọ́jà fún ìgbà pípẹ́. Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta tó parí ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní London lọ́dún 1939, kò fo ọ̀rọ̀ ìbálé nígbà tó ń kọ nípa ìgbéyàwó.

Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, ìdánwò ni mo rí nínú aṣọ funfun yẹn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé ìbéèrè ka iwájú rẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo agboolé sì ń retí èsì. Ọkọ ìyàwó kò jókòó ṣe ìdánwò tirẹ̀. Mágùn ni wọ́n fi ń kọ́ ọkùnrin, ìyẹn náà sì dá lórí ìyàwó oníyàwó nìkan.

Àwọn òyìnbó ìjọ dé. Townsend kọ́kọ́ yọ sí Abẹ́òkúta ní 1843, ìjọ CMS sì fìdí múlẹ̀ ní Aké láti 1846. Ilé-ìwé tẹ̀ lé e. Abeokuta Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Ní 1914 ó gba àwọn ọmọbìnrin, Frances Abigail Thomas, tí ayé padà mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, sì wà lára wọn. Ní ti ọ̀rọ̀ ara, Òfin Keje nìkan ni ṣọ́ọ̀ṣì ní fún ọmọdé. Àwa náà há a sórí ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Títí mo fi pé ọmọ ọdún 12, mo rò pé irú olè kan ni panṣágà.

Ilé kò sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ò tijú ní tirẹ̀. Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 16, ọmọbìnrin ní 15. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Àwọn agbowó orí á dá ọmọbìnrin dúró, wọ́n á ní kó bọ́ bùbá, wọ́n á wo ọmú rẹ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí ń san owó. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà. “Ọmọ ọdún 13 ni mí,” wọ́n sọ fún mi nígbà tí wọ́n ti lé ní 70. “Mo délé, mi ò mọ ohun tí màá pè é. Mo ṣáà sọ pé wọ́n gba owó orí.” Ìyá àgbà ò dáhùn. Wọ́n wé gèlè, wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó lọ dó ti ààfin Aké ní ìparí 1947. Ní Oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀. Ìjà owó orí ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìtàn, òótọ́ sì ni. Ní ilé tiwa, ọ̀rọ̀ bùbá ọmọ ọdún 13 ni.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú ìjà yẹn. Ọmọ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, di mínísítà ìlera ní 1985. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kéde àwọn méjì tó kọ́kọ́ ní Éèdì ní Nàìjíríà. Ọmọ ọdún 13 ni ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹjọ 1997, Fẹlá olórin kú. Lọ́jọ́ kejì, Olikoye, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pe àwọn oníròyìn jọ, ó là á mọ́lẹ̀ pé Éèdì ló pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní irọ́ ni. Ní Abẹ́òkúta tí wọ́n bí Fẹlá sí, mo gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹbí ń gbé síta.

Ilé-ìwé wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Mo ń kọ́ àwọn SS2 nípa bí ẹranko ṣe ń bímọ. Ehoro la máa ń lò. Ehoro kì í ti ẹnikẹ́ni lójú. Ọmọkùnrin kan dìde: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni Éèdì ṣe ń wọ ara èèyàn?” Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo pa ehoro tì, mo dá a lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí aago ìsinmi fi lù. Lọ́jọ́ kejì, òbí mẹ́rin ti wà ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá wa ní, “Ìyá Bàọ́lọ́jì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sórí ehoro.” Mo padà. Ọmọbìnrin méjì nínú kíláàsì yẹn ni kò wọlé mọ́ lẹ́yìn Kérésì. Oyún ni.

Ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ ní 1999, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2001. Ariwo sọ, láti Òkè Ọya pàápàá. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rọ́bà ìdáàbòbò, wọ́n yọ àwọn mìíràn, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀kọ́ ìgbé ayé ẹbí àti HIV. Orúkọ yẹn ló fi wọ kíláàsì láti 2003. Wọ́n kó àwa tíṣà jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń kọ́ wa ní kí a dárúkọ ẹ̀yà ara wọ̀nyí ní Yorùbá. Àgbàlagbà bíi 40 ń wo ilẹ̀. “Ojú ara.” “Abẹ́.” “Nǹkan.” Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an, tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ ní Láfẹ́nwá láràárọ̀, kò sí ẹni tó lè gbé e sẹ́nu, àfi ẹni tó bá fẹ́ bú èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì la padà fi kọ́ àwọn ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé nǹkan òyìnbó ni.

Ní Oṣù Kọkànlá 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀, kí òbí àti àwọn ẹlẹ́sìn máa bójú tó o. A tún padà sí ilé tí mo ń wá àdírẹ́sì rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wà ní JSS1, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní JSS3. Ní ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, mo pe àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yorùbá ni mo fi bá wọn sọ ọ́, mo dárúkọ ohun gbogbo bó ṣe ń jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló gbà wá. Lọ́jọ́ kìíní, ìyá wọn ní òun ń lọ ra ata. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀fọ́.