Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Pín Owó Àgbẹ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé owó kòkó tàbí owó iṣu ni àwọn òbí wa fi rán wa lọ sí ilé ìwé. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ń gbé àárín ìlú Chicago, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó yẹ kí a mọ bí ìjọba Amẹ́ríkà ti pín owó fún àwọn àgbẹ̀ nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020.

Nígbà tí ilé oúnjẹ àti ilé ìwé tì pa, tí àwọn ilé ìpẹran sì dáwọ́ dúró, ọjà àgbẹ̀ kú. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba kéde ìrànwọ́ 19 bílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ní àwọn yóò san 16 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tààrà. Ọ́fíìsì ìjọba tí ó wà ní àwọn káńtì ni àgbẹ̀ ti ń kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ṣírò iye àgbàdo àti sóyà tí ó ní, àti iye orí màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lè gbà tó 250,000 dọ́là.

Ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí àgbàdo àti sóyà ti bo ilẹ̀ lọ súà, òṣùwọ̀n yìí bá àwọn olóko ńlá mu. Ṣùgbọ́n Pembroke ńkọ́? Ìrìn ọkọ̀ tí kò tó wákàtí méjì ni láti Chicago, ní káńtì Kankakee. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń ro ilẹ̀ oníyanrìn ibẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Oko kékeré tí ń ta ẹ̀fọ́ fún oníbàárà lọ́wọ́ sí ọwọ́ kò ní abà àgbàdo tí a lè wọ̀n. Nínú ètò kejì, ní oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n tó máa fi owó ọjà tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tà ní ọdún 2019 ṣírò tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní ọdún 1920, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 926,000; ní ọdún 2017 wọn kò tó 50,000. Ní ọdún 1997, Timothy Pigford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ pé ọ́fíìsì káńtì ń fi owó ẹ̀yáwó dù wọ́n nítorí àwọ̀ wọn. Ìjọba bá wọn parí ẹjọ́ náà ní ọdún 1999. Ẹni tí kò rí owó yá kò lè fẹ oko. Ẹni tí oko rẹ̀ kéré kò sì ní ohun púpọ̀ tí a ó wọ̀n nígbà tí àrùn dé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Ilé Aṣòfin ṣe òfin láti san gbèsè irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ funfun lọ sí kóòtù, àwọn adájọ́ sì dá owó náà dúró ní oṣù kẹfà. Wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní ọdún 2022, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọdún 2024 ni nǹkan bí 2 bílíọ̀nù dọ́là tó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ó lé ní 43,000, àwọn tí a ti rẹ́ jẹ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀ nílé. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí àrùn mú kòkó ní agbègbè Ìbàdàn àti ní Gold Coast, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gé igi, wọ́n sì ń san owó gbà-má-bínú. Igi ni ọ́fíìsì ń kà. Àgbẹ̀ ń ka ọdún tí ó fi tọ́jú igi tí ó ṣì ń so. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ìbínú náà wà lára ohun tí ó fa rògbòdìyàn ọdún 1948 ní Gold Coast.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti ti iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ̀yin ni ẹ ó jókòó sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ lọ́la. Kí àjálù tó dé ni kí ẹ ti kọ orúkọ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti bàbá olóko kékeré sínú ìwé. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pè ní àdánù, kí ẹ tó gé òṣùwọ̀n.