Ẹni Tó Fi Owó Ẹyọ Kan Parí Géèmù



Tẹ́ ẹ bá dàgbà ní Èjìgbò tàbí ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ó mọ ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ẹ sanwó, ẹ ta géèmù, ẹni tó bá jẹ yín, ẹ dìde fún ẹlòmíì. Àwọn tí owó tán lọ́wọ́ wọn kì í tètè lọ sílé. Wọ́n á dúró sẹ́yìn, wọ́n á máa wo ọwọ́ ẹni tó ń ta. Àwọn tó dúró sẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, Japan la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1984, ilé iṣẹ́ Namco gbé géèmù kan jáde tó ń jẹ́ The Tower of Druaga. Masanobu Endo, ẹni tó ṣe Xevious, ló ṣe é. Jagunjagun kan, Gil, ń gun ilé gogoro alájà 60 láti gba olólùfẹ́ rẹ̀, Ki, lọ́wọ́ àǹjọ̀nú Druaga.

Ẹ wá kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gòkè. Ó rọrùn, àbí? Rárá o. Ní ọ̀pọ̀ àjà, àpótí ìṣúra kan wà tí kò ní hàn títí ẹ ó fi ṣe ohun kan pàtó, ẹ̀rọ náà ò sì ní sọ ohun náà fún yín. Ní àjà kìíní, tẹ́ ẹ bá pa ẹ̀dá rọ̀bọ̀tọ̀ aláwọ̀ ewé mẹ́ta, ẹ ó rí dígà bàbà tẹ́ ẹ lè fi wó ògiri. Bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè ló ń díjú. Ìṣúra kan lè pa yín lára. Òmíràn wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fò ó, ẹ ò lè parí géèmù náà mọ́, bó ti wù kí ọwọ́ yín yá tó.

Owó ẹyọ yen 100 ni wọ́n sábà ń sọ sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó tirẹ̀ nìkan wá gbogbo àṣírí yẹn, àpò rẹ̀ á gbẹ. Kò sí YouTube nígbà náà. Ìwé ni wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ẹni tó bá rí àṣírí àjà kan á kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó dé lẹ́yìn á kà á, á dán an wò, á fi tirẹ̀ kún un.

Báyìí ni ó fi ṣeé ṣe láti fi owó ẹyọ kan ṣoṣo dé àjà 60. Àwọn ọ̀jẹ̀ nídìí géèmù ń pè é ní 1CC. Ẹnì kan ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n owó ta ló la ọ̀nà? Owó gbogbo àwọn tó ti kú sí àjà keje àti àjà kejìlá ni.

Kí ló wá kan Èjìgbò? Ẹ wo ọ̀nà Abidjan. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń gba Benin, Togo àti Ghana lọ sí Côte d'Ivoire, débi pé wọ́n ń sọ Faransé, wọ́n sì ń ná owó CFA nínú ìlú. Ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ lè má ní ju owó ọkọ̀ àlọ lápò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan ti sọ ibi tó máa sọ̀ fún un, ilé tó máa sùn, àti bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà lọ́hùn-ún. Àwọn tó ṣáájú ti ṣìnà, wọ́n ti pàdánù owó, kí ọ̀nà tó là. Tí èyí tó lọ kẹ́yìn bá wá kọ́lé, aráyé á ní ó dá a ṣe.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Tẹ́ ẹ bá gbé fídíò ìṣẹ́gun yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, ẹ dárúkọ ẹni tó fọ̀nà hàn yín. Owó tirẹ̀ ti tán kó tó kan yín.

Ó dìgbà kan ná o.